Ta Ló Bi Adìẹ?

Ajé, 6 Oṣù Keje, 2009
Òwe la ṣe ní kíláàsì karùn-ún lónìí: adìẹ kì í gbàgbé ẹni tó tu ú níyẹ̀ẹ́ lójò. Mo ṣàlàyé — ẹni tó fìyà jẹni nígbà ìnira, a kì í gbàgbé rẹ̀. Dábírà nawọ́: "Àǹtí, ta ló bi adìẹ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ wádìí.

Ìṣẹ́gun, 7
Onífìlà ránṣẹ́. Gbádégẹṣin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, àbúrò bàbá mi — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó". Ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ jẹ olórí ẹbí. Ojúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ nínú obì rẹ̀. Bí ojúlé kan bá kọ̀, kò ní lè jẹ olórí mọ́. Ó ku tiwa; èmi nìkan ni kò tíì gbà níbẹ̀, èmi sì ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́rú, 8
Òjò. Irú òjò yìí náà ni, lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí Onífìlà kó àwọn òṣìṣẹ́ wá ṣí páánù orí ilé wa l'Ajah nítorí títì tí wọ́n ń fẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òjò dá. Ó ní, "Ẹ kì í ṣe iyọ̀, ẹ ò ní yọ́." Ikọ́ ọjọ́ yẹn ló pa ìyá mi. Inú ń bí mi títí di báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo tu ìyẹ́ ìrù mẹ́ta lára Ìyá Àdúrà nínú òjò. (Adìẹ mi ni, funfun bíi sùtánà.) Ó ké bí ẹni ń ríran. Ojú tì mí.

Ẹtì, 10
Mo na àgbàdo sí i. Ó sáré wá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kan péré!

Àbámẹ́ta, 11
Àpò ìrẹsì kan dé láti ọ̀dọ̀ Onífìlà. Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń yọ̀: "Sẹ̀gi, gbàgbé jàre. Two years! Abeg, jẹ obì náà ká sinmi."

Àìkú, 12
Mo gbé ìrẹsì sórí ọ̀kadà, ó di ilé Onífìlà ní Ikate. Ẹbí ti pé. Mo kúnlẹ̀ kí Onífìlà — wọ́n kọ́ mi nílé. Nígbà tí wọ́n na obì sí mi, mo dìde kí n tó fèsì. "Bàbá, ìrẹsì yín rèé. Mi ò ní jẹ obì yín. Ẹ ní ìyá mi kì í ṣe iyọ̀. Wọ́n yọ́."

Ariwo. Èébú. Àṣàbí ń sunkún. Obì wà nínú àwo títí wọ́n fi tú ká.

Lọ́la, màá dá Dábírà lóhùn. Mo bi adìẹ. Adìẹ ti gbàgbé. Èèyàn tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ lójò ló dá òwe yẹn sílẹ̀.