Mo Tún Ìsọ̀ Tò fún Dédé

Adabraka, ní Gánà, Ọjọ́rú, Oṣù Kọkànlá 1969

Ọkọ mi ní kí n lọ kó ìsọ̀ kúrò, torí ìjọba ní kí àwa àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé. Mi ò kó nǹkan kan. Ṣe ni mo lọ tún un tò.

Dédé, ọmọ Gã tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ni mo ti fi í lé lọ́wọ́, kó máa tajà níbẹ̀ bí mo bá lọ. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tó ti to ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà! Mo pariwo: "Ta ló fẹ́ mu tíì tó ń rùn bí ọṣẹ? Gbogbo nǹkan ló ní àyè tirẹ̀!"

A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọṣẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ṣúgà wọ inú lọ, aṣọ gòkè. A rẹ́rìn-ín títí òógùn fi bò wá. Ìsọ̀ tí wọ́n bá kó, ahoro ni. Èyí tí wọ́n bá tún tò, oníbàárà ló ń retí. Inú mi dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó wá ku àpótí ìjókòó mi. Mo ní kó gbé e kúrò, kó to mílíìkì síbẹ̀.

Dédé di àpótí náà mú. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá Ràṣídì. Àyè yín nìyẹn."