Ìpara Àǹtí Mi Tí Gbogbo Èèyàn Ń Yìn

                                        Yàrá tó kángun sí ilé ìdáná,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, Ẹlẹ́nu-bí-abẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti jẹ́ kí wọ́n sinmi? Ọkọ rẹ àti ìkókó ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti hu eyín. Kó má fi bù ọ́ jẹ o. Èmi náà wà, a dúpẹ́, ara le. Orí nìkan ló ń dàrú. Ọ̀rọ̀ kan lọ́jú pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé ìwádìí ọjà ni mo wá kọ́ ní yunifásítì, bí a ṣe ń mọ ohun tí oníbàárà fẹ́ àti ìdí tó fi ń rà á. Bàbá mi ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé bí wọ́n ṣe ń ta dátà fóònù ni mo ń kọ́. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́, torí bí ẹnìkan bá ní kí èmi gan-an ṣàlàyé lónìí, ọ̀rọ̀ dátà yẹn ni èmi náà máa sọ. Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Bàbá Ìdá-Ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn wọn, wọlé lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní ìṣirò kì í parọ́. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún wọlé, wọ́n ní ẹni tó bá gba ìṣirò gbọ́ láìbéèrè ibi tó ti wá, ọ̀lẹ ni. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀?

Wọ́n ní kí oníkálukú mú ọjà kan, kó ṣèwádìí rẹ̀. Mo mú ìpara àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Ṣé o rántí bí ọwọ́ wọn ṣe máa ń bó nítorí ọṣẹ ibẹ̀? Ọwọ́ yẹn ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara nílé. Wọ́n ní bí èsì ìwádìí mi bá dára, àwọn á fi iṣẹ́ ìfọṣọ sílẹ̀, àwọn á kọjú mọ́ ìpara. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ni mo bá bọ́ sí àdúgbò tí àǹtí mi ti ń tà á, ilé dé ilé. Mo kí àgbà bó ṣe yẹ, mo ní ìpara àǹtí mi ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó lẹ máa fún un nínú márùn-ún? Márùn-ún ni gbogbo wọn fún mi! Télọ̀ orígun òpópónà ní òun ì bá fún un ní mẹ́fà. Ìyá kan gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ijó ló kù kí n jó wọlé.

Àfi bí Bàbá Ìdá-Ọgọ́rùn-ún ṣe ní ká fi ohun tí èèyàn sọ wé ohun tí èèyàn rà. Mo bá gba ọ̀dọ̀ onísọ́ọ̀bù tó ń bá àǹtí mi tà á lọ. Yéè! Àwọn tó fún mi ní márùn-ún rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá. Kódà télọ̀ onímẹ́fà, ìpara mìíràn ló ń rà.

Mo kó gbogbo rẹ̀ tọ Bàbá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé ta ló lọ béèrè. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé mo sọ pé àǹtí mi ló ni ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣé kí n wọlé onílé láìsọ ohun tí mo bá wá ni? Wọ́n ní, “Márùn-ún lo lọ tọrọ, wọ́n sì fún ọ. Ta ló máa wojú ọmọ tó kí i dáadáa, kó ní ọjà àǹtí rẹ̀ kò dára?”

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú náà ló wá ba tèmi jẹ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún mi ni? Àdúrà ìyá yẹn kì í ṣe irọ́, mo mọ̀. Àbí òórùn ìpara náà ni wọn ò fẹ́? Àbí ìdérí rẹ̀ ló le jù? Kò yé mi, ọ̀rẹ́ mi, kò yé mi rárá.

Àǹtí pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí oṣù yìí bá ti parí, àwọn á sọ fún ọ̀gá àwọn pé ó tó gẹ́ẹ́, ṣé èsì ti jáde? Mo ní ó ku díẹ̀. Ohùn wọn dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo fa àpótí mi jáde, mo wo ìpara tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ níbí. Ó kún. Mo fi pa ọwọ́, mo gbóòórùn rẹ̀, mi ò rí àléébù kankan. Kí ló dé tí mi ò fi lò ó? Èmi tí mo fẹ́ràn wọn bí ojú mi!

Bá mi kí màmá àti ọkọ rẹ, kí o gbá ìkókó mọ́ra fún mi. Ìwọ tó wojú àbúrò mi, tó ní aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ dà bí àpò ìrẹsì, ìwọ náà fún ìpara àǹtí mi ní márùn-ún nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù. Jọ̀ọ́, má fún mi ní márùn-ún mọ́. Dìde níbi tí o ti ń ka ìwé yìí, lọ wo tìrẹ, kí o fèsì kí oṣù tó parí: ṣé ó ti tán, àbí ó kún?

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
                                        Aláròyé.