Irun Orí Mi Ló Yí, Orí Mi Pé

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Èmi Ṣadé ni mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ní Barking, ìlú òyìnbó níbí, tí mo sì ń kí yín: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìpayà tí mo kó bá yín. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n di bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti sùn. Mo kí Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn yóò ka lẹ́tà yìí sókè, àti Ìyá Tóbi aya wọn, tó ń tọ́jú yín. Mo kí wòlíì àti gbogbo ìjọ. Mo kí ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ wá fi etí ara yín gbọ́. Mo ń to yín lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ̀ yín. Bí mo bá fo ẹnì kan ṣoṣo, ẹ ó wo ara yín lójú, ẹ ó ní ẹ ò rí i báyìí, ó ti yí lóòótọ́.

Màmá, orí mi kò yí. Irun orí mi ló yí. “Irun” yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé mì.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo dúró sí ìta ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Chadwell Heath, mo ṣì wọ aṣọ funfun mi, atẹ́gùn ń gbé e kiri, mo fi ọwọ́ kan di ìborùn mú, mo fi èkejì di fóònù. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún yín fún ọdún kan, mo wá ní kí n sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rù rẹ̀ ti kúrò lára mi. Mo ní, Màmá, irun orí mi mà ti yí o, ó ti tó ọdún kan, mi ò kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni, mo ti lọ bá dókítà. Mo fẹ́ fi kún un pé dókítà ní kò sí nǹkan kan, mo gbọ́ tí ẹ ké yéè, mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ sílẹ̀ gbàgà, ó tán. Mo rò pé bátìrì yín ló kú. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, mo se ìrẹsì, mo jẹun, mo sùn. Ẹ̀yin ò sùn.

Ẹ̀bi mi ni o. Ká ní “irun mi” ni mo sọ, tí n kò ti orí bọ̀ ọ́, gbogbo wàhálà yìí kò ní ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Bùọ̀dá Délé pè mí, tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lu ọmọ ìkókó lẹ́yìn kó lè sùn. Wọ́n bi mí pé kí ni orúkọ mi. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Wọ́n bi mí pé ta ló wà lọ́dọ̀ mi, ṣé wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rín ni mo bú sí. Àṣìṣe gbáà! Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, tí wọ́n sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń búra pé orí mi pé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n ti gbọ́. Ta ni ò mọ̀ pé wèrè kì í gbà pé òun ya wèrè?

Mo wá ní kí n fi fídíò hàn yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí irun náà. Ọlọ́run ló mọ ohun tó sún mi dé ibẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ irun náà ni, ó dúró káàkiri, n kò tíì fi òòyà kàn án. Mo ṣí ìborùn kúrò lórí, Ìyá Tóbi sì fi igbe bọnu pé yéè, ó ti di aláìyarun! Wọ́n ju fóònù sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá tí mo ń wo ara mi nínú gíláàsì fóònù, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí.

Àná ni Ìyá Tóbi yọ́ kẹ́lẹ́ pè mí. Wọ́n ní ọjọ́ karùn-ún rèé tí ẹ ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi, pé ẹ ò kan omi láti òwúrọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ẹ ó ní kò lọ ní ọ̀nà ọ̀fun yín. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbẹ́ inú! Ẹ̀yin tí dókítà ní kí ẹ má jẹ́ kí ebi pa yín! Wọ́n ní ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú wòlíì pé oúnjẹ gidi kan kò ní wọnú yín títí ẹ ó fi gbọ́ pé orí mi ti bọ̀ sípò. Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ ò gba fóònù gbọ́ mọ́, pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lè máa sọ̀rọ̀ kó já gaara fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó kọ lẹ́tà láti òkè délẹ̀ láìṣi ọ̀nà gbà. Ẹ ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí wọ́n kà á níwájú gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn burúkú náà. Ó dáa, Màmá. Ọwọ́ mi rèé. Màá ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù Bùọ̀dá bí mo bá ti parí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Bùọ̀dá, ẹ yára ka ibí yìí. Ní èṣí, nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ sí i, irun iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀yin onídìrí lẹ bí mi, ẹ mọ irú irun tí mo ní. Irun kíki, irun tó ń ṣẹ́ òòyà. Ẹ rántí pé bí ẹ bá há mi mọ́ àárín orúnkún yín, ẹ ó kọ́kọ́ bú irun náà kí ẹ tó bú èmi. Irun yẹn ló dédé ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, tó ń ṣubú sí mi létí. Mo fi òwú kó o, òwú yọ̀ kúrò. Mo di ṣùkú, kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Creekmouth níbi iṣẹ́, ṣùkú ti tú.

Ẹ̀rù bà mí, Màmá, kí n má parọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé bí irun àgbàlagbà bá dédé rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn á ní àìsàn tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Mo ń gbé láàárín àdúgbò Gascoigne nígbà náà, ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, wọ́n ti wó o, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń kọ́ ọ lọ́tun, eruku ń wọlé látojú fèrèsé. N kò mọ ẹnì kankan tí mo lè sọ fún. Mo bo orí mi nílé, mo bò ó níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì a kúkú máa ń bò ó. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, mo ń sá fún gíláàsì.

Mo wá rántí ohun tí ẹ kọ́ mi, pé irun tó bá ń ṣàárẹ̀, àdí ni kí a fún un mu. Mo ra àdí, mo dà á sí i láìwo ẹ̀yìn. Irun lẹ̀ mọ́ orí mi bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n, ilé ìfọṣọ ńlá ni, a máa ń fọ aṣọ ìbùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, a ó lọ̀ ọ́, a ó ká a. Ooru ibẹ̀ pọ̀. Bí ooru ṣe mú orí mi, òórùn àdí gba gbogbo ilé, ọ̀gá wa sì dìde, ó ń fínmú lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ó ń wá èyí tó ń jóná. Obìnrin tí a jọ ń di etí aṣọ mú ká, Rukhsana, ará Bangladesh, ṣẹ́jú sí mi. Ó ti mọ ẹ̀rọ tó ń jóná.

Nígbà tí a lọ sinmi, ó ní kí n ṣí orí mi kí òun wò ó. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun náà ń bo orí tòun, ta la fẹ́ máa tàn. Mo ṣí i. Ó ti ìka rẹ̀ bọ inú irun náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀, omijé sì bọ́ lójú mi. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti dé ìlú yìí, Màmá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan orí mi bí kì í ṣe pé wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Ó bi mí pé ṣé ó dùn mí ni. Mo ní rárá o, ó tù mí lára ni.

Òun ló lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi dára, kò sí àìsàn kankan, pé bí ọjọ́ orí bá dé, irun àwọn mìíràn máa ń yí ìrísí padà, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ṣe fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ní kí n lọ sílé. Mo jáde sínú òjò, n kò ṣí agbòjò mi.

Báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n tọ́jú. Rukhsana ní irun yìí kì í ṣe irun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, àlejò ni, kí n bi í ní ohun tó ń jẹ. Òróró díẹ̀ báyìí ló ń fẹ́, ẹ̀kán méjì, ní ìsàlẹ̀ nìkan. Bí mo bá fọ̀ ọ́, mo fi kọ̀ndíṣọ́nà sí i, ìgbà tó bá tutù yẹn nìkan ni mo ń yà á, òòyà eléyín gbàràgàdà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. N kì í fi aṣọ ìnura gbo ó, ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì òwú ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti ń gbẹ, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án, nítorí bí òòyà tàbí ìborùn bá kàn án kó tó gbẹ tán, ó ń ru bí ọ̀gbọ̀. Ìyẹn gan-an lẹ rí nínú fídíò o! Irun tó ń gbẹ lẹ rí, Ìyá Tóbi. Ká ní ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ ò bá ti rí obìnrin tó gbayì.

Àwọn tibí náà kò fi mí sílẹ̀. Ìyá Ìjọ wa rí irun mi tó yọ lábẹ́ ìborùn, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ṣé mo ti ń lẹ irun ará òkèèrè mọ́ orí wá sílé Ọlọ́run ni. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti fà á. Mo ní yéè! Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá wọn lójú. Nígbà tó dá wọn lójú, wọ́n rọra bi mí pé irú ọṣẹ wo ni mo ń lò.

Mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀, Màmá. Ohun tó dùn mí jù tẹ́lẹ̀ ni pé mo rò pé bí mo bá dé ilé, tí ẹ bá fọwọ́ kan orí mi, ẹ ò ní mọ̀ pé èmi ni. Ìdí tí n kò fi sọ fún yín fún ọdún kan nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo fi pamọ́ kí ẹ má baà dààmú ló wá fi ebi pa yín.

Bùọ̀dá Délé, ẹ dúró níbí. Ẹ gbé ìwé sílẹ̀. Ìyá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ po ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn ná, kí ìkọ́kọrẹ́ tó tẹ̀lé e tó bá dìrọ̀lẹ́, kó má ta púpọ̀. Wòlíì, mo fi orí balẹ̀, ẹ bá mi tú ẹ̀jẹ́ wọn, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yín kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ má ka ìyókù títí wọn yóò fi gbé ṣíbí sẹ́nu.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, Màmá. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ ò ní rí àrídùn, inú tó ń ro yín yóò jinná. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ọjọ́ Sátidé la wà lónìí, n kò lọ síbi iṣẹ́, fóònù mi wà lórí tábìlì, oúnjẹ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo ti bò. Láti àná tí Ìyá Tóbi ti pè mí, n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ jẹun, Màmá, kí ẹ ní kí wọ́n pè mí, kí èmi náà lè jẹun.

Èmi ni Ṣadé, ọmọ yín.