Gbólóhùn Tí Mo Fò

Ọjọ́ Ajé, 25 Júláì, 1983

Suwebat ọmọ mi ti Èkó dé, oyún oṣù mẹ́sàn-án níwájú. Àkọ́bí rẹ̀ — ó ní ilé ni òun fẹ́ bí i sí. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Mo rò pé ọmọ yìí ti gbàgbé pé ilé ìgbẹ̀bí wa níbí ni ìyá rẹ̀ kú sí. Kò gbàgbé. Ó kàn rí àwọn òpó iná lójú ọ̀nà, ó sì gbà pé iná ti dé. N kò tíì sọ fún un pé wọn kò ta wáyà kankan sí i.

Ọjọ́rú, 27 Júláì

Kòsówó wá bẹ ìbò. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn. Ó fẹ́ ṣe gómìnà, ó sì ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Ó ní owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àpò ìpínlẹ̀ gbẹ. Owó oṣù tíṣà àti nọ́ọ̀sì ni òun máa kọ́kọ́ san (oṣù mẹ́rin rèé tí èmi náà ti rí tèmi gbà kẹ́yìn), lẹ́yìn náà ọ̀nà Òkè-Ọdẹ, kí iṣu wa yé jẹrà sínú ẹrọ̀fọ̀. Ní ti iná, kí ẹnikẹ́ni má retí rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Wọ́n hó lé e lórí. Ìyá kan bèèrè bóyá ìbò ló wá bẹ̀ àbí ó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́, mo sì tètè dáwọ́ dúró.

Ọjọ́bọ̀, 28 Júláì

Àbẹ̀ní ìyàwó mi lójú àlá. Ó dúró lábẹ́ òpó iwájú ilé, ó ń wo òkè.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Júláì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni ògbufọ̀ ìlú yìí. Lọ́dún 1979, Gọ̀gọ̀rọ̀, tó fẹ́ ṣe gómìnà nígbà náà, wá bẹ ìbò, ó sọ èdè òyìnbó. Ó ní iná á tàn kí ọdún tó yí po, bí owó epo kò bá yẹ̀. Mo túmọ̀ ìdajì àkọ́kọ́. Ariwo ayọ̀ sọ, obìnrin ń jó, Àbẹ̀ní ń jó láàárín wọn. Mo fo ìyókù. Àwa ògbufọ̀ a máa fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹni tí kò bá fi sí i, wọ́n á ní ó fẹ́ dójú ti àlejò. Òpó dé, wáyà kò dé. Lọ́dún 1981 Àbẹ̀ní rọbí. Tọ́ọ̀ṣì ni nọ́ọ̀sì mú dání, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò rí ibi tó ti ń dà.

Ìlú ń ṣépè fún Gọ̀gọ̀rọ̀ di òní. Ọkùnrin náà kò parọ́. Èmi ni mo parọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Onígíláàsì wá. Òun náà fẹ́ ṣe gómìnà, ìkángun kejì ìpínlẹ̀ ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n fẹ́ kí n túmọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Mo ní kí wọ́n gbé e sí ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n gbà. Mo bèèrè pé títí dìgbà wo. Ignatius, ọ̀gá wọn, ní títí ìbò á fi parí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí ó dùn létí ìlú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á gbé ẹ̀rọ àwọn lọ síbòmíì.

Mo ní n ó rò ó. Mo ti rò ó tán kí ó tó jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Onígíláàsì ṣèlérí iná, ọ̀nà ọlọ́dà, omi ẹ̀rọ. Ó wá nàka sókè — ó ní òun á gbé ẹ̀rọ náà padà lẹ́yìn ìbò, ìyókù di ìgbà tí òun bá wo inú àpò ìjọba. Ó sọ ọ́ kedere. Mo wá Suwebat nínú èrò. Ó di ìbàdí mú. Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ti di tiyín títí ayé."

Hàà, ariwo! Bùkárì aládùúgbò mi, tó ń fi Píjò kérò, gbé ọwọ́ Ràfátù ìyàwó rẹ̀ sókè. Òun náà lóyún. Òmù-Àrán ló fẹ́ gbé e lọ kí oṣù tó dá sí méjì, sí ọsibítù. Ó pariwo pé àwọn kò lọ mọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ara mi kò yá.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Suwebat bí obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ dà, Nọ́ọ̀sì Ọláìyá sì tètè rí i, ó rán an. Ó ní bí kì í bá ṣe iná — kò parí rẹ̀. Ìyábọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọ náà. Mo sunkún bí ọmọdé. N kò kábàámọ̀. Mo tún un kọ: n kò kábàámọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo dìbò fún Kòsówó. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lọ láàárọ̀. Ignatius fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo sáré lọ sílé Bùkárì kí ó máa gbé ìyàwó rẹ̀ lọ Òmù-Àrán. Ó ti kérò lọ Ìgbàjà. Ràfátù ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kí mi kú oríire ọmọ. Mo bi í léèrè àlàáfíà, mo padà sílé. Bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé ṣebí títí ayé ni mo ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bùkárì dé lánàá. Ọ̀la ni n ó lọ bá a. Àlá — Àbẹ̀ní àti ẹnìkan tó kọ̀yìn sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

A sin Ràfátù àtọmọ láàárọ̀ yìí. Alẹ́ àná ló rọbí, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.

Láti itẹ́ òkú ni Bùkárì ti wá sílé mi, yẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo dìde. Mo rò pé ó wá lù mí ni, mo sì fẹ́ kí ó lù mí. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ṣe é fún yín, wọ́n tún ṣe é fún mi." Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí Onígíláàsì lédè òyìnbó, kí ó mọ ohun tí ìlérí rẹ̀ fà. Èmi nìkan, ó ní, ni mo mọ ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Mo mú bébà. Mo kọ ọ́ pé o ṣèlérí pé ẹ̀rọ náà ti di tiwa títí ayé. Bùkárì tẹ ìka sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.