Òǹtẹ̀ tí Mo Lù fún Ibtisam

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ilé Ìgbìmọ̀ kún lówùúrọ̀ yìí — bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ìsọ̀ Oyèwọlé tó ń ta ìwé ìròyìn ní Òkè Gádà, níbi tí a ti máa ń ka àkọlé láìra ìwé, tí a ó sì dá ẹjọ́ gbogbo ayé. Ogun Rọ́ṣíà àti Yukiréènì ni, àti àwọn ológun tó ń gbàjọba ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lápá òkè wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ti máa ń sọ ọ́: àwọn tó kó wa lẹ́rú ni wọ́n ń kọ́ wa ní ìwà ọmọlúàbí, Rọ́ṣíà kò kó baba ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Alátakò nìkan ni kò pa á — Bàbá Fátókun, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni tí kò jí ewúrẹ́ rẹ rí, ṣé ìyẹn ni wàá fi lọ so ewúrẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Oyèwọlé rán wọn létí pé èmi ni onídùúró Ibtisam, ọmọ Àwáwù aránṣọ tí ilé wọn kángun sí tiwa, tó lọ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Rọ́ṣíà láti oṣù kẹta. Àwáwù kò fẹ́ kí ó lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ní Ilé Ìgbìmọ̀ ló gbọ́ tó fi gbà. Wọ́n tún kí mi. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Ohùn Ibtisam lórí wasáàpù, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta ní balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni tí wọ́n ti ń to dúróònù ogun, àwọn bàlúù kékeré tí kò ní awakọ̀. Òun ló ń fi ọ̀dà kun ìyẹ́ wọn. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Fèrè ìkìlọ̀ a dún, wọn a sá wọ abẹ́ ilẹ̀. Dádì ló ń pè mí láti kékeré: "Dádì, ẹ má sọ fún Màámi o, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru." Ìwé àdéhùn sọ pé onídùúró nìkan ló lè bèèrè pé kí wọ́n dá a padà, pẹ̀lú lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ kan náà tó wà lórí ìwé àkọ́kọ́. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá dé, àdéhùn tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ — ọdún méjì mìíràn.

Òǹtẹ̀ kan náà. Ti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà ni. Lọ́dọ̀ wa, ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ dà bí aṣọ tí kò ní ọrùn. Mo lù ú sórí ìwé àkọ́kọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí ní ọ́fíìsì, kí ọ̀rọ̀ mi lè níyì. Alhaja Ọláyẹmí tó ni ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà báyìí.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

N kò ṣe nǹkan kan lónìí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Àwáwù yà sílé lẹ́yìn ìrun. Ó ti rán jalamíà tuntun fún mi — ó ní iṣẹ́ ọpẹ́ ni. "Bàbá Mansur, Ibtisam pè lánàá. Ó ní òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín." Ó wọn aṣọ náà sí mi lára. Ó ní mo ti gbẹ, ṣé Ìyá Mansur ń febi pa mí ni? Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Alátakò ka ìròyìn kan sókè ní Ilé Ìgbìmọ̀: àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n tàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní èké àwọn Òyìnbó ni. Gbogbo ojú wá kọjú sí mi, èmi tí mo ní ọmọ níbẹ̀. Mo ní ìròyìn tó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá wá, a kì í gbé e mì láìrún un. Wọ́n ní òótọ́ ni.

Alátakò wò mí pẹ́. Wọ́n ká ìwé wọn. "Ó dáa, Tíṣà. Ìwọ lo mọ ẹni tó wà níbẹ̀."

Mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọmọ náà di òpùrọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ohun tí mo kà nípa amúnisìn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe — òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rere ẹlòmíràn. Ó yẹ kí n ti mọ èyí kí n tó gbé òǹtẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Ibtisam: "Dádì, ṣé ẹ ti kọ ọ́?" Mo dáhùn pé mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ tán. Ó wà nínú àpò mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Òǹtẹ̀ ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ẹnu ọ̀nà Alhaja lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní, "Ẹ wọlé, ẹnu ọ̀nà kì í ṣe àga." Mo wọlé. Mo bèèrè ṣọ́ọ̀kì.

Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Kò sí àbàwọ́n lára orúkọ mi níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Alhaja wà ní ọ́fíìsì títí di aago mẹ́rin. Èmi náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Rédíò ń sọ̀rọ̀ òmìnira láti àárọ̀. Mo pa á.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún Alhaja. Gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ìwé ìdádúró. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tàdáwà kí ó gbẹ. "Torí èyí lẹ ṣe ń yí ọ́fíìsì mi po bí adìyẹ tó fẹ́ yé?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ fi ránṣẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú yín ṣì ń bọ̀."

Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà, mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù.

Ọjọ́ Jímọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Èsì dé, ìlà mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní. Wọ́n rí lẹ́tà mi gbà ní ọjọ́ kejì oṣù. Àdéhùn ọlọ́dún méjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ mi.

Mo fi ránṣẹ́ sí Ibtisam. Ó kà á. 

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

N kò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Àwáwù ni mo gbà lọ. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Mo sọ fún un: ilé iṣẹ́ náà, ọwọ́ ọmọ rẹ̀, fèrè, ọdún méjì. Kò sunkún. Ó ká aṣọ tó ń rán sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní ọmọ òun ń bá òun rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo ní nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára abẹ́rẹ́ nígbà tó bi mí: "Bàbá Mansur, ọjọ́ wo lẹ gbọ́ ọ?"

Mo ní àná ni.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá."