Ọjọ́ Tí Rédíò Ìjọba Kéde Ikú Mi

Sakin, ọjọ́ Ajé

Élodie ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kútọnù? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà tó gbé ọ lọ kò ní gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ. Ara wa le, iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ yọ tẹlifóònù nínú àpótí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta (a máa ń pa á mọ́ síbẹ̀ kí owó inú rẹ̀ má baà jò), ó ní ò ń bú rédíò ìjọba nítorí wọ́n kéde ikú mi lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́ dákẹ́, àṣìṣe kékeré ni. Èmi ni mo kọ ìkéde náà nígbà tí ìbátan wa Jean-Baptiste kú ní Kaboua. Mo fi orúkọ ara mi ṣáájú gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà kí gbogbo Savè lè gbọ́. Ẹni tó kà á rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ ló kú. Ó pè mí ní bàbá rere. Ìyá rẹ kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Awawou tó múlé tì wá sunkún wọlé, ó bá mi nídìí iyán, ó sì ń sunkún lọ ní tirẹ̀, mo ní kó jókòó jẹun. N kò lọ sóko lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má baà rí mi lọ́nà kí wọ́n sọ pé rédíò ìjọba purọ́. Rédíò tó ń sọ èdè wa, tó ń sọ iye tí wọ́n ń ra àgbàdo àti ọjọ́ tí wọ́n máa gún ọmọdé lábẹ́rẹ́! Bó bá dákẹ́ lójijì, mo mọ̀ pé omi ló fẹ́ mu, mo máa ń dúró dè é. Lọ́jọ́ kejì ó tọrọ àforíjì, ó ní mo wà láàyè, mo sì dìde, mo dárí jì í. Ta ló ti bẹ àgbẹ̀ rí nílẹ̀ yìí? Akọ̀wé tó sọ mí di obìnrin lórí ìwé ìdánimọ̀, ọdún kẹfà rèé, kò tíì bẹ̀ mí.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe ti rédíò. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ̀wé pé kí o wá, o ní iṣẹ́ kò jẹ́. Rédíò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, o ti wọ mọ́tò. O dé Dàsá, o gbọ́ pé n kò kú, o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, o sì yí padà. Láti Dàsá dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé ó jìnnà ni?

Nínú owó tí o ti kó jọ fún ìsìnkú mi, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òkúta píìlì sínú rédíò, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. Bí o bá mú un wá fúnra rẹ, ó sàn jù. Bí Ọdún Àjíǹde bá kọjá tí n kò rí ọ, n óò tún kọ ìkéde mìíràn ránṣẹ́ sí wọn, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò sì jẹ́ kí o bá mi láyé.

Èmi ni bàbá rẹ,

BARTHÉLEMY ỌLÁÌTÁN