Fídíò Tó Mú Mi Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìyá Ẹdúnàbọ̀n

Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀,
9/8/1994.

Ẹ̀gbọ́n mi Oyèkúnlé,

Ẹ kú àárò ilé. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣẹ̀. Ní Sátidé, mo wo fídíò kan nílé aládùúgbò: adigunjalè ká tọkọtaya mọ́lé. Háà, ẹni tó ṣe é mọṣẹ́! Kò sí orin rárá, èémí wọn nìkan là ń gbọ́; gbogbo wa di ère sórí àga. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù, kò sì sí aládùúgbò kan tó yọjú. Irú àdúgbò wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, ohun tí ẹnì kan kì í ṣe lágboolé wa. Ìyá Ẹdúnàbọ̀n, àbúrò bàbá wa, gbé iṣu dé. "Àgò onílé o!" Mi ò dáhùn. Ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni olè inú fídíò yẹn náà fi ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ní, "Ìgbẹ́kẹ̀lé, mò ń gbọ́ èémí ẹ. Èmi lò ń sá fún?" Ni wọ́n bá gbé iṣu wọn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Èmi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó wẹ̀ mí lọ́mọ ọwọ́ pé mo fi wọ́n pe olè.

Àbúrò yín,
Ìgbẹ́kẹ̀lé.